Nígbà Tí Rọ́bà Ọrùn Bá Ṣìnà

Ẹni tó bá ní aláìsàn ní ilé ìwòsàn lọ́wọ́lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ní Kambolé, ní Tchamba tàbí ní Sokodé níhìn-ín ní Tógò, kó fa àga rẹ̀ súnmọ́ rédíò díẹ̀, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ń bá wí.

Gbólóhùn kan wà tí dókítà máa ń sọ tí àyà ẹbí máa ń já. Á jáde wá bá wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní: "Rọ́bà tí a fi sí i lọ́rùn kò lọ síbi tó yẹ. A ní láti tún un ṣe." Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnìkan ti bú sẹ́kún, ẹnìkan ti ń bèèrè ẹni tó fi í sí i, ẹlòmíràn ti ń pe Lomé lórí fóònù pé kí wọ́n wá gbé aláìsàn wọn kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa lálẹ́ òní ni pé rọ́bà tó ṣìnà kì í ṣe òpin ayé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, ó sì ní àtúnṣe. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni rọ́bà tó ṣìnà tí ẹnikẹ́ni kò wò, tí wọ́n wá ń da oògùn sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Gbogbo wa la mọ rọ́bà kékeré tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀yìn ọwọ́ láti fa omi sí aláìsàn lára. Rọ́bà ọrùn yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó gùn, ó rọ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n lè gba ọrùn tì í wọlé, wọ́n lè gba abẹ́ eegun tó dábùú láàárín ọ̀fun àti èjìká, wọ́n lè gba apá, wọ́n sì lè gba ibi tí itan ti so mọ́ ara. Ibi yòówù kí wọ́n gbà, inú iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn ni ẹnu rọ́bà náà gbọ́dọ̀ parí sí. Lára àgbàlagbà, bí wọ́n bá gba ọrùn lápá ọ̀tún, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 15 ló máa ń wọlé. Ti apá òsì máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ní láti dá àyà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkàn. Ní àwọn ilé ìwòsàn wa tí wọ́n ti ń sọ Faransé, "voie centrale" ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn.

Kò sẹ́ni tó ń fi irú rọ́bà yìí sára ènìyàn láìnídìí. Àwọn oògùn kan wà tó le débi pé wọ́n á jó iṣan kékeré ọwọ́: oògùn jẹjẹrẹ, oògùn tí wọ́n fi ń gbé agbára ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ń kú lọ sókè. Inú iṣan ńlá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó sì ń yára kọjá, ni ara ti lè gbà wọ́n dáadáa. Aláìsàn tí wọ́n ti gún lọ́wọ́ gún lẹ́sẹ̀ títí tí wọn kò rí iṣan mọ́, bó ṣe máa ń rí fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, òun náà lè nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí a máa ń rí i lára wọn jù lọ́dọ̀ tiwa ni àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní láti fa ẹ̀jẹ̀ jáde kó sì dá a padà lọ́pọ̀ yanturu, rọ́bà ẹ̀yìn ọwọ́ kò sì lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kíndìnrín láti ẹkùn wa ló ti gba ọ̀nà Lomé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá CHU Sylvanus Olympio, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Tokoin, tí wọ́n sì ti padà wálé pẹ̀lú rọ́bà lọ́rùn.

Báwo ni rọ́bà ṣe ń ṣìnà? Iṣan ẹ̀jẹ̀ oríṣi méjì ló wà nínú ara wa. Iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn. Agbára wà nínú rẹ̀, òun ló ń sọ kúlúkúlú bí ẹ bá fọwọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ yín. Iṣan àbọ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń ṣàn. Iṣan àbọ̀ ni rọ́bà yìí gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn iṣan àbọ̀ wọ̀nyí a sì máa pàdé ara wọn, wọ́n a máa ya. Ẹ fojú inú wo awakọ̀ tó kúrò ní Kambolé, tó gba Tchamba kọjá, tó ń lọ sí Lomé. Bó bá dé Sokodé, á bọ́ sí títì Nationale 1. Bó bá yà sí òsì, Lomé ló ń lọ. Bó bá yà sí ọ̀tún, Kara ló dojú kọ. Bí a bá wá fi aṣọ di awakọ̀ náà lójú ńkọ́? Rọ́bà tó gba abẹ́ eegun èjìká wọlé ń dé irú oríta bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ọkàn wà, òkè ni ọrùn àti orí. Kí ẹnu rọ́bà yà sókè sínú iṣan ọrùn wà lára ìṣìnà tí àwọn dókítà ń rí jù lọ.

Ó tún lè dá àyà kọjá lọ sí apá kejì. Ó lè yọ́ wọ iṣan kékeré kan tó wà lẹ́yìn àyà. Ó lè wọlé jù, kó máa fọwọ́ kan ara ògiri ọkàn, kí ọkàn wá máa lù ségesège. Èyí tó burú jù ni kó wọ inú iṣan àlọ. Nígbà mìíràn, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kò rí bíi ti ẹlòmíràn. Ènìyàn bíi mẹ́ta sí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ló ní iṣan ńlá kan lápá òsì àyà, èyí tó máa ń parẹ́ lára àwa yòókù kí wọ́n tó bí wa. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n fi rọ́bà sí wọn lára. Ẹni tí wọ́n ti fi rọ́bà sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan rẹ̀ lè ti fún. Rọ́bà tó dára lánàá sì lè rìn kúrò láyè rẹ̀ lónìí, nítorí ikọ́, èébì tàbí apá tí aláìsàn ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí dókítà bá ní rọ́bà ti ṣìnà, ẹ má tíì pè é ní aláìmọṣẹ́.

Nígbà mìíràn, ara á ti ta ènìyàn lólobó. Wọ́n á fa abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní wá. Aláìsàn á ní ọrùn ń dun òun, tàbí etí. Àwọn kan máa ń sọ pé bí wọ́n bá ti fi omi iyọ̀ sínú rọ́bà, àwọn ń gbọ́ ìró omi nínú etí. Àwọn ará ilé lè rò pé ibà ló ń dà á lórí rú, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló ń sọ: rọ́bà ti gba ọrùn lọ sókè, ẹ̀bá etí ni omi ń tú jáde sí. Ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rọ́bà tó ṣìnà kì í fi àmì kankan hàn, ẹ̀jẹ̀ á wá wọ́ọ́rọ́wọ́, omi á wọlé. Àwòrán nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀.

Àwòrán àyà tí wọ́n ń fi ẹ́sìréè yà ni wọ́n sábà máa ń lò. Rọ́bà náà máa ń fara hàn bí ìlà funfun. Dókítà á wá wo ibi tí kòmóòkun, ọ̀nà tí èémí ń gbà, ti pín sí méjì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìtòsí ibẹ̀ ni ẹnu rọ́bà yẹ kó wà. Bó bá rí ìlà náà tó yí padà tó ń lọ sókè ọrùn, ọ̀rọ̀ ti yé e. Àwòrán kan náà ló máa sọ fún un bí abẹ́rẹ́ bá ti gún ẹ̀dọ̀fóró lára. Ẹ̀rọ kejì ni ekográfì, èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aláboyún. Bí wọ́n bá gbé e lé ọrùn, wọ́n á rí rọ́bà nínú iṣan níbi tí kò yẹ kó wà. Bí wọ́n bá gbé e lé àyà, tí wọ́n po omi iyọ̀ mọ́ atẹ́gùn ìwọ̀nba, tí wọ́n sì fi sínú rọ́bà, bí ẹnu rọ́bà bá wà láyè rẹ̀, ìfófòó kéékèèké á yọ nínú ọkàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibòmíràn ni rọ́bà náà wà.

Ìtàn kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Ní 1929, ní ìlú Eberswalde tí kò jìnnà sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, dókítà ọ̀dọ́ kan wà tó ń jẹ́ Werner Forssmann. Ó gbàgbọ́ pé ènìyàn lè gba inú iṣan apá dé inú ọkàn láìkú. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Ó bá lọ bá nọ́ọ̀sì tí àwọn irinṣẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀, Gerda Ditzen, obìnrin náà sì gbà pé kó dán an wò lára òun. Forssmann dè é mọ́ tábìlì, àṣé ara tirẹ̀ ló fẹ́ gún. Ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ìtọ̀ wọ inú iṣan apá òsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá ẹ́sìréè pẹ̀lú rọ́bà lápá. Ẹ̀rọ fi hàn pé rọ́bà kò tíì dé ọkàn. Wọ́n gbé dígí sí i níwájú kó lè rí àwòrán ara rẹ̀, ó wá ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀, títí nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 65 fi wọlé, tó sì rí ẹnu rọ́bà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀gàn ló kọ́kọ́ gbà fún un. Ní 1956 ni òun, André Cournand àti Dickinson Richards jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fara wé e o, ọ̀nà ikú ló fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: rọ́bà Forssmann yìí pàápàá, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ sọ pé kò tíì débi tó ń lọ, ojú ẹ̀rọ náà ni wọ́n sì fi ṣe é dé ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àtúnṣe náà lónìí nìyí. Wọ́n á tẹ́ aláìsàn sílẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ díẹ̀ kí atẹ́gùn má baà ráyè wọ inú iṣan. Wọ́n á fọ ibẹ̀, wọ́n á fi aṣọ tó mọ́ tónítóní bo ara rẹ̀, wọ́n á sì fi oògùn apàrora sí ojú ibẹ̀ kó má baà dùn ún. Irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ rọ̀, tí ó tẹ̀ kọ́rọ́. Sven-Ivar Seldinger, dókítà ará Sweden, ló kọ́ ayé ní 1953 bí a ṣe ń jẹ́ kí wáyà ṣáájú kí rọ́bà tẹ̀ lé e. Wọ́n á ti wáyà sínú rọ́bà tó ṣìnà, wọ́n á fa rọ́bà náà sẹ́yìn títí ẹnu rẹ̀ fi padà sí oríta. Ẹ̀rọ ẹ́sìréè kan wà tó ń fi àwòrán tó ń rìn hàn lójú gíláàsì. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Dókítà á rọra yí wáyà láàárín ìka títí orí rẹ̀ á fi dojú kọ ìsàlẹ̀, á tì í lọ sọ́dọ̀ ọkàn, á sì gbé rọ́bà tuntun gun orí rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kì í pẹ́.

Bí kò bá lọ, wọ́n á fi oògùn tó ń hàn lójú ẹ̀rọ sínú iṣan láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ti fún tàbí ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀. Ó tún ku ọgbọ́n kan tó máa ń yà mí lẹ́nu: wọ́n lè gba ìsàlẹ̀, láti ibi tí itan ti so mọ́ ara, rán wáyà mìíràn tí òrùka wà lórí rẹ̀ lọ sókè, kí wọ́n fi kọ́ ẹnu rọ́bà tó ṣìnà, kí wọ́n sì fà á sọ̀kalẹ̀ wá sáyè rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn.

Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán tó ń rìn hàn, ekográfì lè ṣe púpọ̀. Wọ́n á gbé e lé ọrùn, wọ́n á fa rọ́bà sẹ́yìn títí kò fi sí nínú iṣan ọrùn mọ́. Wọ́n á ní kí aláìsàn yí ojú sí apá ibi tí rọ́bà wà, kó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀, ẹnìkan á sì fi ìka tẹ iṣan ọrùn kó lè dí. Nígbà tí òkè ti dí, ìsàlẹ̀ ni wáyà máa gbà. Fún rọ́bà tí wọ́n gba apá fi sí i, fífi omi iyọ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára lè ju ẹnu rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ ń padà sí ọ̀nà fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Èèwọ̀ méjì wà nínú iṣẹ́ yìí. Apá rọ́bà tó ti wà ní ìta ara, wọn kì í tún tì í wọlé, nítorí kòkòrò àìsàn. Fífà nìkan ni wọ́n lè fà á, bó bá sì yẹ kó wọlé sí i, rọ́bà tuntun ni wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀ lórí wáyà. Èkejì, rọ́bà ńlá tó bá wọ inú iṣan àlọ, wọn kì í kàn fà á yọ. Bí wọ́n bá fà á, ẹ̀jẹ̀ á tú. Wọ́n á fi sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á pe oníṣẹ́-abẹ. Bí ẹ bá wá rí i pé wọn kò tíì yọ rọ́bà tí wọ́n ní kò dára, ẹ bèèrè kí ẹ tó bínú.

Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á tún ya àwòrán mìíràn, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó ọ̀kan ni, èwo ni ti èkejì?" Mo mọ̀ pé owó kò sí nílẹ̀, mo sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa ẹbí ló ń sáré lọ sanwó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bí owó kan bá wà tó yẹ kí ẹ gé kù, kì í ṣe èyí. Àwòrán àkọ́kọ́ sọ pé rọ́bà ṣìnà. Èkejì nìkan ló lè jẹ́rìí pé ó ti padà. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ètò AMU, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera fún gbogbo ènìyàn, ti bẹ̀rẹ̀ ní Tógò, àwọn àjọ INAM àti CNSS ló ń bójú tó o. Ẹni tó bá ní káàdì, kó mú un dání, kó sì bèèrè ohun tó máa san níbẹ̀. Ní ti ìtànṣán ẹ́sìréè tí àwọn kan ń bẹ̀rù, ti àwòrán àyà kò tó nǹkan. Obìnrin tó bá lóyún tàbí tó ń fura sí oyún ni kó sọ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ òun ni aláìsàn, ì báà jẹ́ òun ló di aláìsàn mú.

Bí wọ́n bá ní àtúnṣe náà kò ṣeé ṣe ní Sokodé, Kara kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Sokodé, wọ́n sì ní CHU níbẹ̀. Lomé lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ gba àwòrán tí wọ́n ti yà, ẹ gbé e dání. Kí ẹnikẹ́ni má tú ìdérí rọ́bà lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má fi àgbo tàbí òrí pa ojú ibẹ̀. Ẹ má gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù zémíjàn. Bí rọ́bà bá já bọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jókòó, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ihò náà mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ má ṣí i wò títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Atẹ́gùn tó bá wọ ibẹ̀ lè pani ju ẹ̀jẹ̀ tó jáde lọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Lomé, ní Cotonou, ní ilẹ̀ Faransé, tí ẹ ń dá owó jọ fún ilé ìwòsàn ilé. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ ní Bìrìtìkó, ti sọ pé kí wọ́n máa fi ekográfì wo iṣan kí wọ́n tó gún ọrùn. Irú ẹ̀rọ náà tó ṣeé gbé lọ́wọ́, tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, ti wà lọ́jà báyìí. Bẹ́ẹ̀dì dára, ọ̀dà ara ògiri dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún fẹ́ dáwó, ẹ ra ekográfì kan, kí ẹ sì san owó ẹ̀kọ́ ẹni tó máa lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, bí wọ́n bá fi rọ́bà sí èèyàn yín lọ́rùn, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi dókítà kí wọ́n tó fi oògùn sí i: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí àwòrán rẹ̀?"